Èkù Ọwọ́ Ọ̀tún

Ohun kan ṣoṣo ni Dóyin fẹ́ lọ́dún náà: kí orúkọ rẹ̀ wọ inú àwọn tó máa lọ yìnbọn fún Alberta níbi ìdíje gbogbo Canada. Àyè ẹnì kan ló ṣẹ́ kù. Ẹni tó ń kọ́ wọn ní kíláàbù ìyìnbọn mọ̀ pé tirẹ̀ ni, àfi tó bá fúnra rẹ̀ bà á jẹ́.

Ó ti ra ìbọn ìléwọ́ rẹ̀, revolver tó ń gba ọta mẹ́fà, kí ìjọba tó fòfin de títà rẹ̀. Láti ìgbà náà, ẹni tó ní ló ní. Ẹni tí kò ní, kó máa wo ti ẹlòmíràn. Kò sí pé èèyàn fẹ́ pààrọ̀ rẹ̀ sí èyí tó dára jù ú lọ. Ohun tí wọ́n ṣì lè pààrọ̀ kò ju èkù tí wọ́n fi ń dì í mú lọ, àti irin ìfojúsùn orí rẹ̀: ti iwájú tó yọrí sókè bí eyín, ti ẹ̀yìn tó ní àlàfo láàárín. Ẹ má fojú kékeré wò ó o. Èkù tí kò bá ọwọ́ mu, bàtà àyálò ni: èèyàn lè fi rìn, kò lè fi sáré.

Wàhálà Dóyin ni pé ọlọ́wọ́ òsì ni. Ìyá rẹ̀ ní Abẹ́òkúta ti fi ìgbátí lé ọwọ́ náà wọlé láti kékeré. "Ọmọ àlè ní í fi ọwọ́ òsì júwe ilé bàbá rẹ̀," màmá á wí, ìgbátí á sì tẹ̀ lé e. Bó ṣe di pé ọ̀tún ló fi ń jẹun, ọ̀tún ló fi ń kọ̀wé, ọ̀tún ló sì fi yìnbọn nígbà tó kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Caroline, òyìnbó tó ń kọ́ wọn, ló tú àṣírí. Ó ní kó pa àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì pọ̀, kó fi ihò kékeré sílẹ̀ láàárín, kó wo ògiri gba inú ihò náà. Ojú òsì ni ihò náà lọ bá.

"You're left-eyed, my dear," Caroline ní. "Try the left hand."

Dóyin gbé ìbọn sí òsì. Ọta mẹ́fẹ̀ẹ̀fà wọ àárín àmì dúdú, wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ gba ojú ihò kan náà wọlé. Ó jókòó, ó sunkún. Inú rẹ̀ dùn, inú sì bí i sí ìyá rẹ̀ tó ti kú.

Láti ọjọ́ náà, Ọjọ́bọ̀ ni òun àti Caroline fi ń ṣe tiwọn, òsì ló sì ń lò. Ṣùgbọ́n tó bá di Sátidé, Dádì Dámi ń bẹ níbẹ̀.

Dádì Dámi yìí ni Adésọjí, ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀. Ìyàwó tó gbẹ̀kọ́ kì í pe ẹ̀gbọ́n ọkọ lórúkọ, orúkọ ọmọ rẹ̀ ló fi ń pè é. Ẹnjiníà ni, ó ti pẹ́ ní Calgary. Basement rẹ̀ ní Rundle ni Dóyin àti Ayọ̀túndé ọkọ rẹ̀ gbé kí wọ́n tó rí ilé sí New Brighton, òun náà ló sì mú Dóyin wọ kíláàbù. Ṣé iwájú irú ẹni bẹ́ẹ̀ lèèyàn á ti máa na ọwọ́ òsì? Gbogbo Sátidé, Dóyin á fi ọ̀tún yìnbọn, ọta á sì fọ́n ká bí àgbàdo tí wọ́n dà fún adìyẹ. Dádì Dámi á ní, "Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ìyàwó wa. Ó ń bọ̀ wá dáa."

Nígbà tí ọjọ́ àṣàyàn, tí wọ́n máa yìnbọn láti mọ ẹni tó máa gba àyè náà, ń sún mọ́lé, Caroline ní kó wá èkù onígi tí wọ́n gbẹ́ fún ọwọ́ òsì, kó sì fi irin dúdú tó fẹ̀ díẹ̀, tí kò dán, síwájú. Dóyin ti rí méjèèjì lórí fóònù, ó mọ ohun tó fẹ́. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ Sunday kan, lẹ́yìn church, bí wọ́n ti ń jẹun nílé Dádì Dámi ní Rundle, ẹ̀kọ́ ilé gùn ún.

"Mo fẹ́ pààrọ̀ grip àti sight ìbọn mi, sà," ó ní. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi yàn án."

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń kà á, ẹ mọ irú ọ̀rọ̀ yẹn. Kò ní kó yàn án o! Ó bu ọ̀wọ̀ fún un ni. Ìdáhùn rẹ̀ wà nílẹ̀ kí wọ́n tó bí wa: àgbà á rẹ́rìn-ín, á ní, "Rárá, ìwọ lo máa lò ó, mú èyí tó wù ọ́," àbúrò á dúpẹ́, kálukú á sì bá tirẹ̀ lọ. Ìyẹn ni Dóyin ń dúró dè.

"No problem," Dádì Dámi ní, ó fa fóònù yọ. "Leave it to me."

Ayọ̀túndé tẹ ìyàwó rẹ̀ lẹ́sẹ̀ lábẹ́ tábìlì. Dóyin ń wo ìrẹsì iwájú rẹ̀. Nígbà tí wọ́n délé, ọkọ ní, "Pè é, kó o sọ fún un now."

"Ẹ̀gbọ́n ẹ ni. Ìwọ sọ ọ́."

"Abeg, make I no put mouth."

Bí àwọn méjèèjì ṣe gbé e sùn nìyẹn.

Dádì Dámi fúnra rẹ̀ ló gbé èkù àti irin tó rà wá sí New Brighton tòun ti screwdriver. Igi náà dára, kò sí irọ́ níbẹ̀. Ó ń dán, wọ́n gbẹ́ ibi tí àtẹ́lẹwọ́ máa jókòó sí, ọwọ́ ọ̀tún nìkan ló sì lè wọ̀ ọ́. Irin iwájú ní àwọ̀ ewé tó ń tàn yòò.

"Ojú ẹ ti rẹ̀ nídìí computer," ó ní. "Eléyìí, o máa rí i kedere."

Dóyin kúnlẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbà á. "Ẹ ṣeun, sà. Ẹ kú ìnáwó. Ọlọ́run á dá a padà fún yín."

Lọ́jọ́ àṣàyàn, Caroline wo ìbọn náà, ojú rẹ̀ le. "Whose hand is this for?" Ó tọ́ka sí báàgì Dóyin, níbi tí èkù àtijọ́ tó gba ọ̀tún gba òsì wà. "You have the old grip in your bag. Give me two minutes."

Dóyin wẹ̀yìn. Dádì Dámi wà láàárín àwọn òǹwòran, ó gbé fóònù sókè, ó ń sọ fún òyìnbó ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ pé, "That's our wife!"

"He bought it for me," Dóyin ní.

"So?"

Dóyin mi orí. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Ó fi ọ̀tún gbé ìbọn. Àwọ̀ ewé náà ń tàn bo àlàfo ẹ̀yìn, kò rí ibi tó yẹ kó fojú sùn. Kí wọ́n tó yìn ín dé ìdajì ló ti mọ̀ pé àyè náà ti bọ́ lọ́wọ́ òun. Ọmọkùnrin kan láti Red Deer, tí kò tó ẹgbẹ́ Dóyin rárá bí Dóyin bá lo òsì, ló gba àyè náà.

Ayọ̀túndé wà níbi iṣẹ́, Dádì Dámi ló sì fẹ́ gbé e délé. Nínú ọkọ̀, kí wọ́n tó gbéra, ó ń tù ú nínú, ó ní ọdún mìíràn ń bọ̀. Ni Dóyin ò bá lè mú un mọ́ra mọ́. Ó sọ gbogbo rẹ̀: ojú òsì, ọwọ́ òsì, Ọjọ́bọ̀, èkù tó ti rí lórí fóònù.

Dádì Dámi yíjú sí i. "Ọlọ́wọ́ òsì ni ẹ́? Kí ló wá dé tí o ò sọ? Gbogbo Sátidé ni mò ń rí ẹ, ọ̀tún lo fi ń yìn ín. Ìwọ náà lo ní kí n yàn. Mo rò pé o ò mọ èyí tó o fẹ́ ni. Ọ̀gá mi níbi iṣẹ́, òsì ló fi ń ṣe gbogbo nǹkan. Ta ló ń wo ọwọ́ èèyàn níbí?"

Òótọ́ ni gbogbo rẹ̀, ìyẹn ló sì dun Dóyin jù. Ká ní ìkà ni ọkùnrin náà, ì bá rí ẹni di ẹ̀bi rù. Ọ̀wọ̀ tí Dádì Dámi kò béèrè ni Dóyin ti fi àyè rẹ̀ san.

Ohùn Dádì Dámi wálẹ̀. "Ìyàwó, ṣé o ń bínú sí mi ni?"

Inú ń bí i. Ó ń bínú pé ọmọ Yorùbá lè gbàgbé èdè tí wọ́n kì í fi ẹnu sọ, ó sì ń bínú sí ara rẹ̀ pé òun ò gbàgbé tòun.

"Rárá o, Dádì Dámi," ó ní, ó tẹrí ba lórí ìjókòó. "Kí ni mo fẹ́ máa bínú sí? Ẹ ṣeun gan-an ni, sà."

"Thank God," Dádì Dámi ní. Ó gbà á gbọ́. Ó ṣáná sí ọkọ̀, ó ń bi í bóyá kí àwọn yà mu tíì lọ́nà.