Ilẹ̀ Tí Kò Ní Ojú Rírán

Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni èémí Tíńtín há láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, inú balùwẹ̀ abẹ́ àtẹ̀gùn ló sì ti bẹ̀rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ọmọ ọdún mẹ́fà ni, ó rí tíńtín bí orúkọ tí wọ́n ń pè é. Ìyá Àgbà, ìyá ìyá rẹ̀, ló máa ń wẹ̀ fún un. Lẹ́ẹ̀kẹta yìí, ọṣẹ ṣì wà lẹ́yìn ọmọ nígbà tí àyà rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í súfèé, tí ètè rẹ̀ ń di àwọ̀ eérú. Ìyá Àgbà gbé e jáde tòun ti omi lára. Orúnkún tí kì í jẹ́ kó gun àtẹ̀gùn, tó jẹ́ pé torí rẹ̀ ni wọ́n ṣe kọ́ balùwẹ̀ náà sísàlẹ̀, kò rántí pé ó ń dun òun lọ́jọ́ náà.

Dókítà ò fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n sọ. Ó ní, "Ẹ lọ wo ilé yín. Nǹkan dúdú tó máa ń hù níbi tó bá tutù, òun lọmọ yìí ń fà símú. Ẹ wá nǹkan ṣe sí i, torí mi ò lè fọwọ́ sọ̀yà nípa ẹ̀ẹ̀kẹrin."

Ẹ̀ẹ̀kẹrin. Bí Ìyá Àgbà bá ń ká aṣọ, á gbọ́ ọ. Bó jókòó sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀, á gbọ́ ọ níbẹ̀ náà.

Lọ́jọ́ kejì ni ìyá Tíńtín, ọmọ bíbí inú rẹ̀, mú onítáìsì wálé. Ọkùnrin tó ti ń hewú ni, tó máa ń rẹ́rìn-ín kó tó sọ̀rọ̀. Àmọ́ nígbà tó fi irin hú táìsì kan lẹ́bàá ojú ihò tí omi ń gbà lọ, ẹ̀rín náà kúrò lójú rẹ̀. Abẹ́ táìsì dú bí ìdí ìkòkò, ó ń yọ̀. Òórùn rẹ̀ dà bíi ti aṣọ tí wọ́n ká ní tútù sínú àpótí.

"Ó ti pẹ́ tó ti ń jẹun níbí," ló wí.

Ìyá Àgbà di ara ilẹ̀kùn mú. Gbogbo ìgbà tó fi ń fọ ojú ilẹ̀ yẹn, tó ń yangàn pé ó ń dán, nǹkan yìí wà lábẹ́ àtẹ́lẹsẹ̀ ọmọ, ó ń gbèrú.

Onítáìsì to àpẹẹrẹ ilẹ̀ mẹ́ta sórí tábìlì. Àkọ́kọ́ jẹ́ táìsì wẹ́wẹ́ bí èékánná. Ìyá Tíńtín gbé e, ojú rẹ̀ tàn díẹ̀. "Èyí rẹwà, kò sì ní jẹ́ kí ẹsẹ̀ Màámi yọ̀."

Ìyá Àgbà fi ogójì ọdún ránṣọ kí ojú rẹ̀ tó di bàìbàì. Ó fi àtàǹpàkò tọ àárín àwọn táìsì náà. "Kí ni wọ́n fi dí èyí?"

"Sìmẹ́ńtì ni, Màmá."

"Ṣé ó ń mu omi?"

"Bí ọ̀mùtí. Àmọ́ oògùn kan wà tí a lè máa kùn ún lọ́dọọdún."

"Ọdún tí a bá gbàgbé ńkọ́?" Ìyá Àgbà gbé ọwọ́ kúrò lórí rẹ̀. "Ojú rírán ẹ̀ ti pọ̀ jù. Ibi tí wọ́n bá ti rán aṣọ ni òjò ń gbà wọlé. Gbé e kúrò."

Èkejì jẹ́ táìsì fífẹ̀. Ojú rírán tiẹ̀ ò pọ̀, àmọ́ ẹnu balùwẹ̀ náà fẹ̀, ìdí rẹ̀ há. Bí wọ́n bá ní kí àwọn gé e kí omi lè ṣàn lọ sójú ihò, yóò tún di wẹ́wẹ́ náà ni. Ẹ̀kẹta ni ilẹ̀ alódindi. Òkúta lílọ̀ ni, tí wọ́n pò mọ́ gọ́ọ̀mù líle, tí wọ́n dà ní ẹyọ kan ṣoṣo, tí etí rẹ̀ gun ara ògiri díẹ̀. Ojú rẹ̀ rí ṣákaṣàka bí ahọ́n ológbò.

"Èyí ni," Ìyá Àgbà ní.

"Ìwọ̀n nìkan ni wàhálà ẹ̀," onítáìsì ní. "Èyí tí wọ́n ń tà lọ́jà ò lè bá yàrá yín mu, ìwọ̀n tí mo bá fún wọn ni wọ́n á gé. Bó bá fi bí èékánná dín, omi á wọ abẹ́ ẹ̀, nǹkan yìí á sì máa hù níbi tí ojú ẹnikẹ́ni ò ní tó o."

Ó na téèpù sẹ́nu ọ̀nà, ó na án sí ìdí, ó fẹ́ dìde.

"O wọn èjìká, o wọn ìdí," Ìyá Àgbà ní. "Ikùn ńkọ́? Àbí ògiri yẹn ò níkùn lójú tìẹ?"

"Màmá, ibo lẹ wà nígbà tí mò ń kọ́ṣẹ́?"

"Mo wà nídìí máṣíìnì, mò ń tú èyí tí irú ẹ bá rán bàjẹ́. Gé páálí."

Wọ́n tẹ́ páálí sílẹ̀, wọ́n gé e bí ògiri ṣe lọ gan-an. Ní àárín, ògiri náà yọ ikùn ní ìka méjì. Onítáìsì mi orí. Ìdí ibẹ̀ ló kúnlẹ̀ sí tó fi gbójú sókè.

"Màmá, mo rí ihò atẹ́gùn lára ògiri yìí níta. Nínú níbí, mi ò rí i."

Ìyá Àgbà mọ ibi tó wà. Nígbà òtútù tó kọjá, ọmọ húkọ́ lẹ́yìn ìwẹ̀, ó sì dá a lójú pé atẹ́gùn ihò yẹn ló ń bá a jà. Ó ya ìró àtijọ́ kan, ó ki í bọ inú ihò, ó rẹ́ ẹ mọ́lẹ̀, ó fi ọ̀dà funfun kùn ún. Kò sẹ́ni tó rí i. Títí onítáìsì fi lanu yìí, kò ronú kàn án pé oṣù kejì lẹ́yìn ìyẹn ni àyà ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í súfèé.

"Iṣẹ́ bàbá Tíńtín nìyẹn," ìyá Tíńtín ní. "Òun ló dúró ti bíríkìlà, wọ́n fi ihò síta, wọ́n gbàgbé inú. Ẹ jẹ́ kó wọlé dé."

Irọ́ náà ti wà nílẹ̀, ẹlòmíì ló pa á. Ìyá Àgbà ò ní láti ṣe ju kó dákẹ́ lọ.

"Ilẹ̀ tuntun yìí," ló bi onítáìsì, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀, "bí ihò ò tiẹ̀ sí, ṣé kò ní dá nǹkan dúdú yìí dúró?"

"Ilẹ̀ á ṣe tiẹ̀, Màmá. Àmọ́ bí ooru omi ò bá rí ibi jáde, ara ògiri ló máa ti hù."

Kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ló wà. Ìyá Àgbà wo ọmọ rẹ̀. Ó mọ̀ ọ́n. Aládùúgbò kan tó fín lọ́fínńdà sára gbé Tíńtín nígbà kan, ó ti di ọdún méjì báyìí, ìyá ọmọ ò tíì jẹ́ kó tún fọwọ́ kàn án. Kí ló máa wá ṣe fún ẹni tó dí ọ̀nà èémí ẹ̀ pa?

Tíńtín húkọ́ lókè. Ẹyọ kan, gbígbẹ. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dúró gbagidi, wọ́n ń retí ìkejì. Kò wá.

"Gbé irin yẹn fún mi," Ìyá Àgbà ní.

Ó fi ha ọ̀dà, ó gún ara ògiri, ó kọ́ aṣọ náà, ó fà á. Ó já bọ́ sórí páálí, ó dú, ó ń ṣomi.

Ìyá Tíńtín wò ó títí. "Ìró yín nìyí. Èyí tẹ́ ẹ ní ó sọnù lórí okùn."

"Èmi ni. Mo rò pé atẹ́gùn ló fẹ́ pa á. Kì í ṣe ọkọ ẹ, kì í ṣe bíríkìlà."

Onítáìsì doríkodò, ó tún ń wọn ohun tó ti wọ̀n.

"Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta, Màámi."

"Mo mọ iye ẹ̀."

Ọmọ rẹ̀ gun òkè lọ, ó pa ilẹ̀kùn dé. Ọjọ́ mẹ́sàn-án gbáko tí ilẹ̀ náà fi wà ní ilé iṣẹ́, òun fúnra rẹ̀ ló ń wẹ̀ fún Tíńtín lókè. Ó ń kí ìyá rẹ̀ láràárọ̀ bó ṣe yẹ, kò sì fi nǹkan kan lé e. Ìyá Àgbà ì bá yàn án pé kó pariwo mọ́ òun. Ó ń jókòó sísàlẹ̀, ó ń tẹ́tí sí omi tó ń dà lórí òun, ó ń rò ó pé bí wọ́n ṣe máa bẹ̀rẹ̀ sí í gba ọmọ lọ́wọ́ òun nìyí, díẹ̀díẹ̀.

Ilẹ̀ náà dé, ó wọlé bí ẹsẹ̀ ṣe ń wọ bàtà, etí rẹ̀ mọ́ ògiri láìku ibì kan. Nígbà tí gọ́ọ̀mù rẹ̀ gbẹ, ìyá Tíńtín sọ̀kalẹ̀ pẹ̀lú ọmọ nínú tówẹ́ẹ̀lì.

"Ẹ wẹ̀ fún un."

"Èmi?"

"Ó ní ọwọ́ mi le, tiyín lòun fẹ́. Mo máa dúró sẹ́nu ọ̀nà. Oògùn ẹ̀ wà lọ́wọ́ mi."

Omi bẹ̀rẹ̀ sí í dà. Ooru rẹ̀ gbéra, ó fì sí ọ̀dọ̀ ihò, ó ń jáde lọ. Atẹ́gùn tútù kan Ìyá Àgbà lọ́rùn, ọwọ́ rẹ̀ fẹ́ lọ dí i, ó fi ọwọ́ kejì dì í mú. Ó fi ọṣẹ pa ẹ̀yìn ọmọ. Ó ń wo egungun ìhà rẹ̀ tó ń lọ sókè, tó ń bọ̀ wálẹ̀, ó ń dẹ etí sílẹ̀ fún súfèé.

Tíńtín yíjú padà. "Ìyá Àgbà, ẹ ò mí."

Lóòótọ́ ni. Ó tú èémí náà sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ó bomi sí ọmọ léjìká, ó sì tún ń tẹ́tí.