Purotéènì Tó Kọ̀ Láti Di Ọ̀rá Mú

Dókítà Akínọlá ju ìwé ìwádìí Lubabah sórí tábìlì. "Fúláàsì! Lubabah, fúláàsì ògì lo fi ṣe sáyẹ́ǹsì ní ilé-ẹ̀kọ́ ìṣègùn Ìdí-Àràbà níbí?"

"Bí wọ́n bá ti múná lọ, ẹ̀rọ tó ń mú nǹkan lọ́wọ́ọ́wọ́ á tutù, sà. Fúláàsì kì í tutù bọ̀rọ̀."

Kọ́lápọ̀, akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, bú sẹ́rìn-ín. "Àǹtí Ẹlẹ́kọ! Ẹ bu ti náírà kan fún mi."

Lubabah ò rẹ́rìn-ín. Bí olùkọ́ rẹ̀ yìí ò bá fọwọ́ sí orí kẹta ìwé náà, wàhálà ọdún mẹ́ta wọgbó nìyẹn. Bẹ́ẹ̀, ohun tó kọ síbẹ̀ ò ju báyìí lọ: purotéènì kan wà nínú ẹ̀jẹ̀ tó máa ń di ọ̀rá mú, tó ń gbé e kiri ara. Nínú ẹ̀jẹ̀ alátọ̀gbẹ, ṣúgà a máa lẹ̀ mọ́ ọn. Lubabah ní bó bá ti lẹ̀ mọ́ ọn, ìrísí purotéènì náà á yí padà, kò sì ní lè di ọ̀rá mú bó ti yẹ mọ́. Ó pín purotéènì kan náà sínú ìgò kékeré méjì, ó fi ṣúgà sí ọ̀kan, ó kó méjèèjì sínú fúláàsì, ó sì ń pààrọ̀ omi tó lọ́wọ́ọ́wọ́ bí ara ènìyàn fún odindi ọjọ́ méje.

"Ooru fúláàsì ló ba purotéènì rẹ jẹ́. Yọ orí yẹn kúrò."

"Fúláàsì kan náà ni ìgò méjèèjì wà, sà. Kí ló dé tí èyí tí kò ní ṣúgà ò bàjẹ́?"

Lubabah kó ìgò méjèèjì síwájú rẹ̀.

"Ẹ ya ohun tí mo kọ sára wọn kúrò, kí ẹ fi àmì tiyín sí i. Màá tọ́ka èyí tó ní ṣúgà. Bí mo bá ṣì í, èmi fúnra mi ni màá fa orí náà ya."

Dókítà kọ̀yìn sí i, ó sàmì sí wọn, ó kọ ọ́ sínú ìwé ọwọ́ rẹ̀. Lubabah kán díẹ̀ nínú ìgò kọ̀ọ̀kan sínú ife omi ọ̀rá ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ tó funfun bí omidùn. Purotéènì tó bá di ọ̀rá náà mú á mú kí omi mọ́. Kọ́lápọ̀ sún mọ́ wọn. Omi kan mọ́ gaara. Èkejì ṣì funfun. Lubabah nawọ́ sí i.

"Èyí tó ṣì funfun yìí ló ní ṣúgà."

Dókítà yẹ ìwé ọwọ́ rẹ̀ wò. "O gbà á. Ṣùgbọ́n pa fúláàsì rẹ́, kọ ẹ̀rọ síbẹ̀. Wọn á fi wá ṣe yẹ̀yẹ́."

"Ẹ má bínú, sà. Ẹ̀rọ kọ́ ló ṣe é. Kí ẹni tó bá fẹ́ ṣe yẹ̀yẹ́ wá ṣe tirẹ̀ láìsí iná."

Ó ṣí bírò, ó gbé e lé ìwé náà níwájú Dókítà, ó sì dúró tì í. Dókítà fọwọ́ sí i tìbínú-tìbínú, bírò fẹ́rẹ̀ẹ́ dá ìwé lu.