Gílóòbù Pupa Tí Ràsákì Tà

"Nọ́ọ̀sì Helen, ta ló fi gílóòbù yìí síbí?"

Ràsákì oníṣẹ́ iná ti tú ẹ̀yìn ẹ̀rọ náà palẹ̀ lórí tábìlì. Ẹ̀rọ ìtọ́jú imú ni. Àwọn ọmọ ìlú tó wà lókè òkun ló fi ránṣẹ́ sí ilé ìwòsàn ìjọba yìí, nítorí àwọn tí ara wọn kò gba eruku ọyẹ́. Wọ́n á ki ọ̀pá tín-ín-rín kan bọ ihò imú aláìsàn, iná á tàn sínú rẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́ta, imú tó ń yún á sì máa rọlẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Àárọ̀ yìí ni iná ọ̀hún kọ̀ tí kò tàn mọ́, ni wọ́n bá ránṣẹ́ pe Ràsákì láti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Òkè-Ajé.

Ibi tó yẹ kí ojúlówó iná wà ṣófo. Ẹnì kan ti so gílóòbù pupa mọ́ ibẹ̀, irú èyí tí wọ́n ń tàn sí pálọ̀ nígbà Kérésì. Ràsákì yí ìdí rẹ̀ wò, ó rí àmì ọ̀dà búlúù kékeré kan. Àmì tirẹ̀ ni. Òun fúnra rẹ̀ ló máa ń fi ọ̀dà búlúù sàmì sídìí gbogbo gílóòbù tó bá tà, kí oníbàárà má baà gbé ti ẹlòmíì wá pé kó pààrọ̀ rẹ̀ fún òun. Oṣù tó kọjá ni Helen ra mẹ́rin lọ́wọ́ rẹ̀, ó ní wọ́n fẹ́ lò ó ní pálọ̀ Dókítà.

Èyí tó dùn ún jù ni pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni Rahmah ìyàwó rẹ̀ ti ń gbé imú síwájú gílóòbù yìí. Obìnrin tó ń ránṣọ jẹun, tí ojú rẹ̀ wú tí kò lè fi òwú bọ abẹ́rẹ́ mọ́! Wọ́n tún ní kó pa oògùn rẹ̀ tì, pé iná àti oògùn kì í ṣe pọ̀.

Dókítà Adébùsọ́lá, ọ̀gá ilé ìwòsàn náà, wọlé, ó rí gílóòbù lọ́wọ́ rẹ̀, ojú ò sì tì í.

"Ojúlówó rẹ̀ wà ní ilé ìwòsàn tèmi lójú ọ̀nà Ìbàdàn," ó ní. "Mo gbé e lọ síbi tí wọ́n ti lè lò ó dáadáa."

"Àwọn aláìsàn tó wà níta ńkọ́, Dókítà?"

"Ṣé wọ́n ráhùn fún ọ ni? Mú ìyàwó rẹ wá bá mi lọ́jọ́ Jímọ̀. Ojúlówó ni màá fi tọ́jú rẹ̀, ọ̀fẹ́ sì ni. Ìwọ ṣáà bá wa fi òmíràn síbẹ̀."

Olè ni, àfi pé aṣọ funfun ló wọ̀. Inú bí Ràsákì gidigidi. Ṣùgbọ́n ó rántí ojú Rahmah tó wú, ó mú gílóòbù tuntun nínú báàgì, ó sì fi í síbẹ̀. Ẹnu tó jẹ dòdò kì í lè sọ òdodo. Bó ṣe ń kọjá lára àwọn tó tò síta, wọ́n ń ṣàdúrà fún un.

"Ọlọ́run á bù kún iṣẹ́ ọwọ́ yín o!"

Kò dúró ṣe àmín, ó yára gba ẹnu géètì jáde.

Ọjọ́ Jímọ̀ ni Rahmah bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú lójú ọ̀nà Ìbàdàn. Kí oṣù náà tó parí, ojú Rahmah ti wálẹ̀, ó ti padà sídìí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀. Ohun tí ọkọ rẹ̀ sọ fún un kò ju pé Dókítà yí ibi ìtọ́jú rẹ̀ padà lọ. Rahmah kì í sì í fi ohun rere mọ sọ́dọ̀ ara rẹ̀. Ó sọ ọ́ nílé, ó sọ ọ́ ní àsàlátù: "Iná yẹn ni o! Ẹni tí ọ̀nà Ìbàdàn bá jìn sí, kó lọ sí ti ìjọba. Dókítà kan náà ló wà ní méjèèjì."

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, Helen tún pe Ràsákì: gílóòbù ti kú, kó mú òmíràn bọ̀.

Nígbà tí Ràsákì débẹ̀, àwọn obìnrin àsàlátù ti tò dé ẹnu géètì. Ẹni tó wà níwájú pátápátá ni Ràmọ́tà, àbúrò Rahmah, tó wá láti Ìjẹ̀bú-Imusin. Ikọ́ fée ti ń bá a jà láti kékeré, àyà rẹ̀ sì ń súfèé.

"Ràmọ́tà, oògùn tó o máa ń fà sẹ́nu dà?"

"Mo ti jù ú nù, Bọ̀dá. Nọ́ọ̀sì ní iná ò ní ṣiṣẹ́ tí mo bá ń lò ó."

Ara Ràsákì ò gbà á mọ́. Ó sáré wọlé, ó tú ẹ̀yìn ẹ̀rọ, ó já gílóòbù náà yọ, ó mú un jáde, ó sì gbé e sókè níwájú gbogbo wọn.

"Ẹ wò ó! Gílóòbù pálọ̀ ni! Èmi ni mo tà á, ọ̀dà mi ló wà nídìí rẹ̀ yìí! Irọ́ ni wọ́n ń pa fún yín!"

Ràmọ́tà bú sẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbé e.

"Bọ̀dá, ṣebí iná yìí náà ló wo Àǹtí mi sàn? Àbí ẹ ò fẹ́ kó kan àwa náà ni?"

"Ìkà èèyàn," ẹnì kan wí láti ẹ̀yìn.

Ràsákì la ẹnu. Kó tó lè sọ pé ojúlówó iná tó wo ìyàwó rẹ̀ sàn kò sí níbí, àfi kó sọ ohun tí òun ṣe kó tó rí i gbà. Ó pa ẹnu náà dé.

Helen ò bá a jà. Ó kàn bẹ̀rẹ̀ sínú báàgì Ràsákì tó ṣí sílẹ̀, ó mú gílóòbù mìíràn, ó wọlé.

"Ẹni tó kàn!"

Ràmọ́tà di ògiri mú, ó dìde, ó wọlé lọ. Láti ojú fèrèsé ni Ràsákì ti rí i tó gbé imú sókè, tí iná pupa tàn sí i lójú, tí àyà rẹ̀ sì ń súfèé.