Ẹni Tó Ń Kí Mọ́mì Láràárọ̀

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, obìnrin tí gbogbo ọ́fíìsì ń pè ní Ayàwòrán jókòó síwájú ẹ̀rọ àtijọ́ kan, ó ń dá àwọn iṣẹ́ inú rẹ̀ dúró ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ má jẹ́ kí orúkọ yẹn ṣì yín lọ́nà o. Kì í ya igi, kì í ya ẹyẹ. Ètò kọ̀ǹpútà ló máa ń yà sórí pátákó kí àwọn tó kù tó jókòó kọ ọ́: èyí yóò dúró síbí, èyí yóò máa bá tọ̀hún sọ̀rọ̀, èyí kò gbọdọ̀ fojú kan tọ̀hún láéláé. Iṣẹ́ àgbà ni, ó sì ti di àgbà nídìí rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló fọwọ́ sí i pé tó bá di ọjọ́ Ẹtì, kí wọ́n pa ẹ̀rọ àtijọ́ yìí pátápátá, kí wọ́n gbé e kúrò nílẹ̀.

Àwọn oníṣẹ́ yìí ní ọ̀nà kan tí wọ́n ń gbà pa ohun àtijọ́. Bí o kò bá mọ ẹni tó ń lo nǹkan, dá a dúró fún ìgbà díẹ̀, kí o káwọ́ gbera, kí o máa wò ó ta ni yóò ké. Bí ẹnikẹ́ni kò bá ké, o lè pa á. Ọ̀gá Àpótí tó kọ́ ọ níṣẹ́ ló fi èyí lé e lọ́wọ́. Wọ́n ń pe bàbá náà bẹ́ẹ̀ nítorí pé kò sí ohun tí wọ́n lè bi í tí kò ní kọ́kọ́ ya àpótí mẹ́ta sórí pátákó kó tó dáhùn, títí kan ibi tí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ wà.

"Má pa ohunkóhun," ni bàbá náà máa ń wí, "àfi tí o bá ti mọ ẹni tó ń retí rẹ̀."

Ayàwòrán dá èyí tó ń ka ẹrù inú ilé ìkẹ́rù dúró. Kò sẹ́ni tó ké. Ó dá èyí tó ń fi ìwé ránṣẹ́ sí ẹ̀ka kan tí wọ́n ti tì pa dúró. Kẹ́kẹ́ pa. Èyí tó kẹ́yìn kéré gan-an, "ìdánwò kẹta" lásán ni wọ́n pè é, bí àwọn ọmọṣẹ́ tuntun ṣe máa ń sọ gbogbo nǹkan lórúkọ. Ó dá òun náà dúró láìwò ó lẹ́ẹ̀mejì, ó sì lọ bu omi mu. Nígbà tó fi máa padà, ìlà kan ti já sí ìsàlẹ̀ ojú kọ̀ǹpútà, níbi tí ohun tó bá wọnú ẹ̀rọ náà ti máa ń hàn.

"Ọmọ, o ò kí wa lónìí. Ṣé kò sí o?"

Ó wo nọ́ńbà tó fi í ránṣẹ́. Nọ́ńbà tó mọ̀ sórí ni. Nọ́ńbà ìyá rẹ̀ ni, ìyá rẹ̀ sì ti wà nínú ilẹ̀ láti ọdún méjì sẹ́yìn.

Ife omi bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Yàrá ẹ̀rọ a máa tutù, ṣùgbọ́n òtútù tó mú un lọ́jọ́ náà kì í ṣe ti yàrá. Ó bojú wẹ̀yìn bóyá ẹnìkan ń fi òun ṣe yẹ̀yẹ́, àwọn ẹ̀rọ nìkan ló rí, tí wọ́n ń kùn lórí pẹpẹ wọn.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ọ̀rọ̀ náà ṣe bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí Ayàwòrán ṣẹ̀ṣẹ̀ débẹ̀, kò mọ ọwọ́ ọ̀tún yàtọ̀ sí òsì nídìí iṣẹ́ yìí. Wọ́n ní kó yí àwọ̀ bọ́tìnì kan padà, ó yí i, gbogbo ojú ìwé dàwátì. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Ó ń ti ọ́fíìsì bọ̀ lálẹ́, ó ń jí lọ ní kùtù, ìyá rẹ̀ sì ń ráhùn pé ọmọ òun kì í kí òun láàárọ̀ mọ́. Ó wá ronú pé òun yóò fi òkúta kan pa ìṣòro méjèèjì: òun yóò kọ́ṣẹ́, òun yóò sì kí ìyá òun. Ó kọ ètò kékeré kan tó ń fi ọ̀rọ̀ sórí fóònù ìyá rẹ̀ láràárọ̀ pé, "Ẹ káàárọ̀, Mọ́mì. Ṣé ẹ sùn dáadáa?" Tí ìyá bá ti fèsì, èsì yòówù kó jẹ́, ètò náà yóò dá a lóhùn pé, "Inú mi dùn láti gbọ́ bẹ́ẹ̀, Mọ́mì."

Kò wá sí i lọ́kàn rárá pé èèyàn lè sọ pé òun kò sùn dáadáa. Ìyá wo ni wọ́n máa bi bóyá ó sùn dáadáa tí kò ní ní dáadáa ni? Àwọn èsì ń já síbì kan nínú ẹ̀rọ, kò sì ṣe ojú fèrèsé tí òun yóò fi máa wò wọ́n.

Ọ̀gá Àpótí wo iṣẹ́ náà, ó ya àpótí mẹ́ta, ó tọ́ka sí ìkẹta. "Ta ló ń ka èsì?"

"Màá ṣe ìyẹn lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, sà."

Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ yẹn kò bọ̀ títí dòní. Iṣẹ́ ń gbé e lọ sókè. Ó kọ́ bí wọ́n ṣe ń kọ kóòdù, ó wá kọ́ bí wọ́n ṣe ń ka ti ẹlòmíràn láì bú u, èyí tó le jù. Ó kọ́ bí wọ́n ṣe ń gé iṣẹ́ ńlá sí wẹ́wẹ́ kí ọ̀kan má bàa gbé gbogbo rẹ̀ ṣubú. Ó wá di ẹni tí wọ́n ń dúró dè kí ìpàdé tó bẹ̀rẹ̀. Ní gbogbo àkókò yẹn, ìyá rẹ̀ ń fọ́nnu fún àwọn aládùúgbò pé ọmọ òun kò fi ọjọ́ kan ṣoṣo gbàgbé òun.

Bàbá rẹ̀ nìkan ni kò gba ti iṣẹ́ orí kọ̀ǹpútà yìí. Bíríkìlà ni bàbá náà. "Ilé tí èèyàn ò lè fẹ̀yìn tì," ó máa ń wí, "ṣé ilé nìyẹn?" Òun ló kọ́kọ́ sọ ọ́ ní Ayàwòrán, ó sì fi ń bú u ni.

Nígbà tí àìsàn ọkàn gbé ìyá náà lọ, etí sàréè ni bàbá ti yíjú sí ọmọ rẹ̀ lójú gbogbo èèyàn. "Ìwọ tó ń kí i láràárọ̀! Ó ń sọ fún ọ pé àyà ń dun òun. O ò wá!"

Níbo ni yóò ti bẹ̀rẹ̀ àlàyé? Nígbà tó padà sẹ́nu iṣẹ́, ó wá ètò náà kó lè pa á, kò rí i lórí ẹ̀rọ tó fi í sí. Ó gbà pé ó ti kú fúnra rẹ̀. Kò mọ̀ pé wọ́n ti kó o mọ́ ẹrù lọ sórí ẹ̀rọ mìíràn, ìyẹn ẹ̀rọ àtijọ́ yìí gan-an. Láti ìgbà náà, òun àti bàbá rẹ̀ kò gbúròó ara wọn.

Ẹ wá wò ó bó ṣe jókòó lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun yẹn, tó tẹjú mọ́ ìlà kan yẹn. Ẹnìkan ti ké. Ó tún ètò náà tan. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó jókòó tì í. Ìkíni jáde lọ. Kò pẹ́, èsì wọlé: "Ẹ̀hẹ́n. Mo wà." Ó yí ojú ìwé náà sókè díẹ̀, "Mo wà" ló kún ibẹ̀, láràárọ̀, láràárọ̀, gbogbo wọn lẹ́yìn ọjọ́ ìsìnkú. Ó pa ojú kọ̀ǹpútà náà dé.

Ó lè pe nọ́ńbà náà. Kò pè é. Ẹ̀rù ohùn tí yóò gbé e ló ń bà á. Ó tọrọ àyè lọ́wọ́ ọ́fíìsì, ó wọ ọkọ̀ ní kùtù Ọjọ́bọ̀, ó forí lé ilé.

Ní ọ̀sán ni ó débẹ̀. Ilé náà dúró ṣánṣán bí bàbá rẹ̀ ṣe kọ́ ọ, ògiri rẹ̀ tọ́ gbọọrọ. Ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀. Ayàwòrán dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ẹnìkan wà lórí àga ìyá rẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ó kẹ̀yìn sí i, fóònù ìyá rẹ̀ sì wà lórí orúnkún rẹ̀. Fún ìṣẹ́jú kan, ó ti dá a lójú pé ìyá òun ni. Ẹni náà húkọ́. Bàbá rẹ̀ ni.

"Ẹ káàsán, Dádì."

Bàbá náà kò tilẹ̀ ta gìrì. "O pẹ́ kí o tó dé," ó wí. "Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, kò kí mi. Mo ní, ó parí nìyẹn. Nígbà tó tún kí mi lánàá, mo mọ̀ pé ẹnìkan ti fọwọ́ kàn án."

"Ẹ̀yin lẹ ń dá a lóhùn?"

"Ta ni ì bá máa dá a lóhùn? Màmá rẹ?"

Ó jókòó sílẹ̀. Bàbá rẹ̀ ń wo ìta láti ojú fèrèsé bó ṣe ń sọ̀rọ̀.

"Ọjọ́ kejì ìsìnkú ni. Mo ń wá bàtà mi. Fóònù dún. 'Ẹ káàárọ̀, Mọ́mì. Ṣé ẹ sùn dáadáa?' O wà ní yàrá kejì nígbà náà, ò ń sunkún, mò ń gbọ́ ọ. Ọmọ wo ló máa sin ìyá rẹ̀ lánàá, tó máa bi í lónìí bóyá ó sùn dáadáa? Ibẹ̀ ló ti yé mi pé kì í ṣe ìwọ."

"Dádì, ẹ jọ̀ọ́..."

"Jẹ́ kí n parí rẹ̀. Mo fẹ́ fọ́ fóònù yẹn mọ́lẹ̀. Mo wá ka àwọn ti òkè. Mo rí ibi tí màmá rẹ ti ní àyà ń dun òun, tí nǹkan yẹn ní inú òun dùn láti gbọ́ bẹ́ẹ̀."

Ayàwòrán fi ọwọ́ méjèèjì bojú. Òun ló kọ ọ̀rọ̀ yẹn, pẹ̀lú ìka ara rẹ̀, nígbà tí kò tíì mọ nǹkan kan.

"Má tíì sunkún. Gbọ́ èyí tó tẹ̀ lé e. Màmá rẹ ní, 'Mo mọ̀ pé ìwọ kọ́ lọmọ mi. Ọmọ mi ò ní sọ irú èyí. O ṣeun tí ò ń jí mi láràárọ̀. Bá mi kí ẹni tó rán ọ.'"

Ìyá rẹ̀ ti rán iṣẹ́ sí i, iṣẹ́ náà sì wà nínú ẹ̀rọ látìgbà yẹn, nínú àpótí kẹta, níbi tí òun kò ṣe fèrèsé sí.

"Kí ló dé tí ẹ ò pè mí?" ni ó béèrè.

"Lẹ́yìn ohun tí mo sọ létí sàréè? Gbogbo ayé ló gbọ́. Ojú tì mí." Bàbá náà nu ojú fóònù mọ́ ara ṣòkòtò rẹ̀. "Nǹkan yẹn sì ń kí màmá rẹ láràárọ̀. Kò mọ̀ pé ó ti kú, kò sẹ́ni tó sọ fún un. Kí wọ́n máa kí ilé, kí ilé dákẹ́? Ìwàkiwà nìyẹn."

Ọmọ rẹ̀ sọ fún un pé lọ́la ni wọ́n máa pa ẹ̀rọ náà.

"Ẹ ti sọ fún un?"

Ó fẹ́ sọ pé ẹ̀rọ kì í gbọ́, ó yí ọ̀rọ̀ padà. "Mo lè gbé e sórí tuntun," ó sọ kíákíá. "Kò le rárá. Yóò máa kí yín lọ bẹ́ẹ̀. Mo lè tún un ṣe pàápàá, kó máa gbọ́ ohun tí ẹ bá sọ, kó máa fèsì tó bá a mu."

Bàbá rẹ̀ wò ó fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ìgbà tó ti wọlé. "Ìwọ ńkọ́?" ó bi í. "Wọn ò lè gbé ìwọ náà wá?"

Ó sun ilé mọ́jú. Láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, ó mọ ìgbà tí ìkíni yóò wọlé, òun ló kúkú yàn án. Ó dìde ṣáájú rẹ̀, ó jáde sí pálọ̀. Bàbá rẹ̀ ti wà lórí àga náà, ó ti wọ ẹ̀wù, ó ti gbé fóònù síwájú.

"Ẹ káàárọ̀, Dádì. Ṣé ẹ sùn dáadáa?"

Ó kù díẹ̀ kí bàbá náà la ẹnu, fóònù dún. Ó gbọ́wọ́ sókè sí ọmọ rẹ̀.

"Dúró ná. Jẹ́ kí n dá ọmọ yẹn lóhùn."

Ó dúró. Kí ni yóò ti ṣe? Àwòrán tí òun fúnra rẹ̀ yà ló ń ṣiṣẹ́ níwájú rẹ̀ yẹn. Bàbá náà ń fi ìka kan tẹ̀ ẹ́, ó sì ń pè é síta bó ṣe ń tẹ̀ ẹ́: "Màmá... ti lọ sinmi. Ẹni tó rán ọ... ti dé. Màá bá ọ jẹ́ iṣẹ́ tó kù. O ṣeun. Máa lọ."

Ó fi í ránṣẹ́. Àwọn méjèèjì tẹjú mọ́ fóònù náà. Ó dún.

"Inú mi dùn láti gbọ́ bẹ́ẹ̀, Mọ́mì," ni bàbá náà kà.

Ó dojú fóònù dé orí tábìlì, ó sì fọwọ́ lé e lórí díẹ̀. Lẹ́yìn náà, ó gbójú sókè sí ọmọ rẹ̀.

"Màmá rẹ kí ọ," ó wí. "Káàárọ̀, ọmọ mi. Mi ò sùn dáadáa."

Ayàwòrán fa àpótí ìjókòó kan mọ́ra, ó jókòó tì í. "Kí ló ń ṣe yín, Dádì?"