Ṣúgà Inú Ìgò

"Má fọwọ́ kan nǹkan kan! Jẹ́ kí n kọ́kọ́ wo irú èyí tó fọ́ ná!"

Ohun tí Onígò sọ nìyẹn nígbà tó sáré wọ yàrá ẹ̀yìn. Ìyàwó rẹ̀ dúró láàárín ilẹ̀ tí ọtí ti rin gbindingbindin, ó fi ọwọ́ òsì di ọwọ́ ọ̀tún mú, ẹ̀jẹ̀ sì ń gba àárín ìka rẹ̀ kán sínú ìfófó. Aṣọ ìnura ló fẹ́ mú nínú kọ́bọ́ọ̀dù tí Onígò ń kó ìgò ọtí rẹ̀ sí. Bó ṣe ṣílẹ̀kùn rẹ̀ báyìí, gbàù! ni ìgò kan bú, èkejì sì tẹ̀ lé e.

Ọkọ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀, ó ṣa àfọ́kù kan, ó gbé e sí ìmọ́lẹ̀.

"Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ ni! Ṣé o rí i? Ara rẹ̀ ti fẹ́lẹ́ jù. Mo ti sọ ọ́ títí pé ìgò ọlọ́rùn gígùn yìí máa ṣe wá léṣe lọ́jọ́ kan."

Ọmọ wọn obìnrin já wọlé láti ojúde, níbi tó ti ń dirun fún àwọn oníbàárà rẹ̀. "Bàbá! Ẹ̀jẹ̀ ń dà lára Màmá, ìgò lẹ ń wò?"

Ojú ti ọkùnrin náà. Ó ju àfọ́kù sílẹ̀, ó sì ń wá bàtà rẹ̀ kiri, bẹ́ẹ̀ ẹsẹ̀ rẹ̀ ni bàtà wà.

Mẹkáníìkì ni Onígò kó tó fẹ̀yìn tì. Látìgbà tó ti ti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ pa ló ti ń fi ọkà bálì pọn ọtí bíà nínú ilé, àmọ́ ká má parọ́, ìgò ló fẹ́ràn ju ọtí lọ. Bí ọkùnrin mìíràn ṣe ń wo obìnrin lójú ọ̀nà ló ṣe ń wo ìgò nílé ọtí. Ó tiẹ̀ sọ wọ́n lórúkọ. Èyí tó ga tó sì rí tẹ́ẹ́rẹ́ ni Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́. Èyí tó tóbi, tí wọ́n fi wáyà de ìdérí rẹ̀ mọ́ ọn lọ́rùn, ni Baba Ìsàlẹ̀, torí ẹni tó bá dá a mu tán, ilẹ̀ ló máa bá ara rẹ̀. Ṣùgbọ́n àyànfẹ́ rẹ̀ ni Ṣìgìdì: kúkúrú, èjìká gbàǹgbà, ìdí tó nípọn bí odó. "Bí ayé bá parẹ́, Ṣìgìdì á ṣẹ́ kù," ló máa ń wí. Ìyàwó rẹ̀ tí kì í fẹnu kan ọtí á sì fèsì pé, "Ó dáa, mo kúkú mọ àwọn orogún mi."

Aránṣọ ni ìyàwó yìí. Dókítà rán ọwọ́ rẹ̀ bí ẹni rán aṣọ, ó sì sọ òótọ́ fún un pé iṣan àtàǹpàkò ti gé. Ó lè padà bọ̀ sípò, ó sì lè má padà. Nígbà tí wọ́n tú báńdéèjì, àtàǹpàkò le gan-an bí igi. Ó fi mú abẹ́rẹ́, abẹ́rẹ́ bọ́. Ó tún mú un, ó tún bọ́. Ó fa aṣọ bo ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀, ó sì lọ jókòó.

Onígò kó gbogbo Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ dànù. "Ṣìgìdì nìkan ni màá máa lò," ló sọ. "Kò tún ní ṣẹlẹ̀ mọ́ láéláé."

Ní ọ̀sán ọjọ́ tó fẹ́ rọ ọtí tuntun, ìyàwó rẹ̀ jókòó tì í, torí kò kúkú ní iṣẹ́ mìíràn. Ó ń wò ó bó ṣe ń bu ṣúgà ṣíbí kékeré kọ̀ọ̀kan sínú ìgò, èyí tó máa jẹ́ kí ọtí hó dáadáa, àmọ́ tó bá pọ̀ jù, ìgò á bú. Kápẹ́ńtà, aládùúgbò wọn, kí i lójú fèrèsé, wọ́n sọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù díẹ̀. Nígbà tí ìyẹn lọ, Onígò yíjú padà, ó mú ṣíbí, ó sì tún bẹ̀rẹ̀ láti orí ìgò àkọ́kọ́.

"Ẹ ti fi ṣúgà sí ìyẹn."

"Èmi? Rárá o."

"Ẹ ti fi sí gbogbo wọn. Ojú mi báyìí ló ṣe."

"Ṣé ìwọ lo máa kọ́ mi níṣẹ́ tí mò ń ṣe ni?" Ó jágbe mọ́ ọn. Ó gbé ìgò kan sókè, ó wo ìdí rẹ̀. Ṣúgà wà níbẹ̀. Ó gbé òmíràn. Ó wà níbẹ̀. Ó rọra gbé ṣíbí kalẹ̀.

Obìnrin náà rántí kọ́kọ́rọ́ tí wọ́n bá nínú ìkòkò, àti orúkọ ọmọ wọn tí ọkọ rẹ̀ máa ń wá tì. Ogbó ló ti ń pè é. Àṣé ogbó nìkan kọ́.

"Ó ti tó ìgbà wo?" ló béèrè jẹ́jẹ́.

Onígò ò díbọ́n pé òun ò mọ ohun tó ń bi òun. "Ó ti pẹ́. Á kàn dà bíi pé ẹnì kan paná. Tó bá tún tàn, mi ò ní mọ ibi tí mo bá a dé. Mo rò pé tí mo bá dákẹ́, á lọ fúnra rẹ̀." Lójijì, ó dìde. "Kápẹ́ńtà! Mo fún un ní páálí ọtí kan lọ́sẹ̀ tó kọjá!"

Wọ́n jọ sáré lọ. Lẹ́nu ọ̀nà ilé Kápẹ́ńtà, ìyàwó fà á láṣọ. "Ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀. Màá ní ìgò ni ò dáa."

Abẹ́ bẹ́ẹ̀dì ọmọ jòjòló ni páálí ọtí wà. Nígbà tí wọ́n ní kó dá a padà, Kápẹ́ńtà bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ̀bùn tẹ́ ẹ fọwọ́ ara yín gbé fún mi lẹ fẹ́ gbà padà? Bàbá, ahun yín ti pọ̀ jù!"

Kí ìyàwó tó lanu, Onígò ti sọ̀rọ̀. "Kì í ṣe ahun, ọmọ mi. Kò sí ohun tó ṣe ìgò. Orí mi ló ń gbàgbé nǹkan. Ó ṣeé ṣe kí n ti fi ṣúgà sí wọn lẹ́ẹ̀mejì, ó sì lè jù bẹ́ẹ̀ lọ. Gbé ọmọ jáde."

Ẹ̀rín gbẹ lẹ́nu Kápẹ́ńtà. Ó gbé ọmọ fún ìyàwó rẹ̀, ó fi kúbùsù méjì wé páálí náà, ó sì rọra gbé e dé ẹ̀yìnkùlé. Bó ṣe gbé e kalẹ̀ tó sún sẹ́yìn, ìgò kan bú nínú kúbùsù. Ṣìgìdì ni.

Nígbà tí wọ́n délé, Onígò jókòó sórí àtẹ̀gùn. "Èmi ni mo ba ọwọ́ rẹ jẹ́," ló wí, "mo wá ń di ẹ̀bi ru ìgò. Kó gbogbo wọn dànù. Mo ti ṣíwọ́."

Ìyàwó rẹ̀ wò ó. Ó ro bí ilé náà á ṣe rí: ẹ̀rọ ìránṣọ tí wọ́n daṣọ bò, ìkòkò ọtí tó gbẹ, àwọn méjèèjì tí wọ́n kàn ń wo ara wọn títí iná yẹn á fi kú pátápátá.

"Ẹ kọ́ mi," ló sọ.

"Kọ́ ọ ní kí ni?"

"Ọtí pípọn. Ọwọ́ òsì mi ṣì lè di ṣíbí mú."

"Ìwọ tí kì í mu ọtí?"

"Ṣé mo ní mo fẹ́ mu ún ni? Ibo lẹ ti máa ń bẹ̀rẹ̀?"

Ó la ẹnu, ó tún pa á dé. Ojú rẹ̀ ń wá nǹkan káàkiri àgbàlá, ó sì pẹ́ débi pé ẹ̀rù bẹ̀rẹ̀ sí í ba obìnrin náà. Ó bá a dúró, kò kán an lójú.

"Omi," ló sọ níkẹyìn. "Omi la kọ́kọ́ ń gbé kaná."

Ìyàwó rẹ̀ lọ pọn omi.