Ọkọ̀ Ìgbéyàwó Ọláìtán

Ọjọ́ tí Amos yí táyà tuntun mẹ́rin wọ àgbàlá, díẹ̀ ló kù kí Elisha Béjidé jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Amos, àbúrò rẹ̀! Amos kan náà tó ti ń pariwo látìgbà òjò pé kí wọ́n ta mọ́tò tó ti dípẹtà yìí fún àwọn tó ń ra irin àlòkù, kí ẹ̀yìnkùlé lè rí bí ẹ̀yìnkùlé èèyàn. Amos tó máa ń di imú tó bá ń kọjá níwájú gáréèjì. Òun náà ló wá dúró yìí, tó ń làágùn yọ̀bọ̀.

"Ta ló ni táyà?" Elisha bi í.

"Tiyín ni, Bọ̀ọ̀dá mi."

"Ta ló rán ọ níṣẹ́ táyà?"

"Kò sẹ́ni tó rán mi. Mo kàn rò pé ẹ máa nílò rẹ̀ ni."

Elisha wo ojú àbúrò rẹ̀ títí. Ká ní Amos ń mutí ni, ọ̀rọ̀ ì bá yé e. Ṣùgbọ́n ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì Àpọ́sítélì ni, ọtí kì í dé ẹnu rẹ̀. Elisha kàn mi orí, ó gba táyà, ó ní Olúwa ti bá òun fọwọ́ tọ́ ọkàn Amos.

Mọ́tò tí à ń sọ yìí, fọ́sìwágìnì ìjàpá ni. Nígbà tí Elisha ṣì jẹ́ fọ́ọ̀mánù àwọn tó ń ṣe títì ìjọba ló rà á, kò sì sí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n ní Iléṣà nígbà náà. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ló kọ́kọ́ daṣẹ́ sílẹ̀. Elisha tì í sínú gáréèjì ẹ̀yìnkùlé, ó ní tó bá di oṣù tó ń bọ̀ òun á tún un ṣe. Oṣù tó ń bọ̀ wá di ọdún, ọdún di ọdún gbọọrọ. Adìyẹ ń yé sórí àga rẹ̀. Ìpẹtà jẹ mọ́gáàdì rẹ̀ débi pé èèyàn lè ki ọwọ́ bọ̀ ọ́ láti òkè kó fi kan táyà nísàlẹ̀.

Ọláìtán ló ní kí wọ́n gbé e dìde. Ọmọ kan ṣoṣo tí Elisha bí ni. Ó ń ṣe tíṣà ní Òṣogbo, ó sì háyà yàrá kan ní Ìgbọ̀nà níbẹ̀. Kékeré ló wà tí ìyá rẹ̀ ti kú, mọ́tò yìí ni bàbá rẹ̀ fi ń gbé e lọ sílé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó wá fẹ́ gbéyàwó, tí wọ́n ti mú ọjọ́ sí oṣù Kejìlá, ó ní òun ò ní í háyà mọ́tò ọlọ́mọ́tò. Ìjàpá bàbá òun ló máa gbé Tèmi, àfẹ́sọ́nà òun, lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì.

Ìjàpá náà sì di oògùn fún Elisha. Lọ́dún tó ṣáájú, ẹ̀jẹ̀ ríru gbé e dálẹ̀, apá òsì rẹ̀ rọ. Dókítà kìlọ̀ fún àwọn ẹbí pé kí wọ́n má ṣe jẹ́ kó gbọ́ ọ̀rọ̀ tó le lójijì. Àmọ́ ní gbogbo Sátidé tí Ọláìtán bá ti Òṣogbo dé, tí bàbá àtọmọ bá jọ ń fi sáńpépà ha ìpẹtà, tí wọ́n ń bára wọn jiyàn, tí wọ́n ń rẹ́rìn-ín, ńṣe ni apá náà ń gbéra díẹ̀díẹ̀.

Nígbà tí òjò ń kásẹ̀ nílẹ̀, Sátidé kan dé, Ọláìtán ò wá. Amos ló wá jíṣẹ́ pé iléèwé rán an lọ kọ́ nǹkan kan ní Kàdúná, pé kò tilẹ̀ ráyè dágbére. Inú bí Elisha. Ṣé tíṣà tó fẹ́ gbéyàwó ló kù tí wọ́n máa rán níṣẹ́? Ó bú ọ̀gá iléèwé náà títí ẹnu fi ro ó. Lẹ́yìn náà ló wá rò ó pé bóyá bẹ́ẹ̀ ló dáa. Kí ọmọ náà tó dé, ìjàpá á ti dìde. Kí Ọláìtán ṣáà dé, kó bá a tó ń dán níwájú ilé: ohun kan ṣoṣo tó ń fẹ́ láyé nìyẹn.

Ìgbà yẹn gan-an ni ìyàlẹ́nu bẹ̀rẹ̀. Táyà Amos ni àkọ́kọ́. Èyí tó tẹ̀ lé e ni ti Rájí.

Panẹbítà ni Rájí, ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà ní Òkè-Fìà ní Òṣogbo. Ọláìtán ló mú un wá láti bá wọn na ara mọ́tò náà. Ẹ̀yin náà sì mọ àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ wa: wọ́n á ní ọ̀la, ọ̀la á dé, wọ́n á ní ọ̀túnla. Rájí ò yàtọ̀ tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n lójijì, ó di ẹni tó ń wọ mọ́tò láti Òṣogbo ní kùtù hàì, tí Elisha á jí bá a nínú gáréèjì. Bí wọ́n bá gbé owó fún un, ó ní kí wọ́n fi pamọ́ ná. Panẹbítà kọ owó! Elisha fẹ́rẹ̀ẹ́ lọ ké sí àwọn aládùúgbò pé kí wọ́n wá wòran.

"Rájí," ó sọ fún un lọ́jọ́ kan, "bí Ọláìtán bá rí mọ́gáàdì yìí, á fò sókè."

Rájí tẹrí ba, ó ń lu irin lọ.

"Àbí o ò gbọ́ mi ni?"

"Mo gbọ́ yín, Bàbá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi na hámà kékeré yẹn."

Àwọn ará àdúgbò náà kò gbẹ́yìn. Látìgbà tí Elisha ti bímọ, Bàbá Ọláìtán ni gbogbo ayé ń pè é. Àfi bí wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í pè é ní Bàbá Oníjàpá. Ọmọ́yẹlé tó ń ta kẹrosíìnì ní òdìkejì títì ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ó sì ràn bí iná. Orúkọ náà dùn mọ́ baba gidi. Ó ní iṣẹ́ ọwọ́ òun ló fún òun lóyè lọ́jọ́ ogbó. Tí wọ́n bá ti pè é bẹ́ẹ̀, á fa sòkòtò rẹ̀ sókè, á dáhùn bí ìjòyè.

Tèmi ló wá pabanbarì. Ó wá kí i ní ọ̀sán ọjọ́ kan, ó gẹ irun mọ́lẹ̀, ó fi gèlè dúdú bò ó. Elisha ò bi í léèrè irun; àwọn ọmọbìnrin ìwòyí, kò sí ohun tí wọn kì í dán wò. Ó mú un lọ sí gáréèjì, ó ṣí ilẹ̀kùn mọ́tò, ó ní kó jókòó wò ó ná. Ọmọ náà jókòó. Ó fọwọ́ kan sítíárìn, ó gbórí lé e, ó sì bú sẹ́kún tó ń mi gbogbo ara rẹ̀.

"Ẹkún ayọ̀ nìyẹn!" Elisha pa á lẹ́rìn-ín. "Ṣùgbọ́n ẹ̀yìn ni ìyàwó ń jókòó sí o, kì í ṣe ibi dẹ́rẹ́bà."

Tèmi bọ́ sílẹ̀, kò dágbére, ó sáré jáde. Elisha ń rẹ́rìn-ín lọ. Ó sọ fún Amos pé ojú ń ti ìyàwó àwọn. Amos ní òun ń bọ̀, ó gba oko lọ. Ìyẹn náà tún ya Elisha lẹ́nu. Ọkà ti wọlé, iṣu ti wọ àká, kò síṣẹ́ lóko, síbẹ̀ ojoojúmọ́ ni Amos ń lọ sí oko rẹ̀ ní Ọ̀tan-Ilé. Tó bá dé, ojú rẹ̀ á pọ́n. Ó ní èéfín ni.

Ọjọ́ Jímọ̀ kan, iṣẹ́ parí. Rájí ti fín ọ̀dà sí i, àwọ̀ ojú ọ̀run tó wà lára rẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n rà á. Mẹkáníìkì kan tí Rájí mú wá ti tún ẹ́ńjìnnì ṣe, ó ti ń dún kíkankíkan. Wọ́n sọ fún Elisha pé kó má tíì wà á, kó jẹ́ kí ọ̀dà gbẹ dáadáa, kó jẹ́ kí Amos bá a wà á. Àmọ́ Rájí ò wá lọ́jọ́ náà nítorí ìrun Jímọ̀, Amos sì wà lóko. Elisha wẹ̀, ó wọ bùbá funfun, ó jókòó sídìí sítíárìn, ó yí kọ́kọ́rọ́. Ìjàpá bú ramúramù. Inú baba dùn débi pé ó pariwo, òun nìkan, nínú gáréèjì.

Ó kọ́kọ́ ní òun kàn fẹ́ yí àdúgbò po ni. Ìgbà tó dé ojú títì ni èrò mìíràn sọ sí i lọ́kàn. Amos ti ní ọ̀sẹ̀ yẹn ni Ọláìtán ń bọ̀ láti Kàdúná. Ọ̀sẹ̀ méjì rèé tó ti ń sọ bẹ́ẹ̀. Bóyá ó tilẹ̀ ti dé. Kí ló dé tí òun ò ní í gbé mọ́tò náà lọ bá a lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, kí òun fun fèrè, kó jáde, kó rí i? Ó yí sí ọ̀nà Òṣogbo.

Ọmọ́yẹlé rí i. Àrọ tó fi ń rọ kẹrosíìnì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

"Bàbá Oníjàpá! Ẹ dúró o! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí Bọ̀ọ̀dá Amos dé!"

Elisha fun fèrè fún un, ó juwọ́, ó kọjá. Nínú dígí, ó rí i tó ń sáré dá ọlọ́kadà dúró. Ó ya baba lẹ́nu pé nítorí mọ́tò àtijọ́, àwọn èèyàn lè máa sáré báyìí.

Ó dé Ìgbọ̀nà láyọ̀. Ó dúró gan-an níwájú ilé, ó fi ẹ́ńjìnnì sílẹ̀ kó máa dún, ó fun fèrè, ó tún fun ún. Ọláìtán ò jáde. Ó bọ́ sílẹ̀, ó wọ ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó kan ilẹ̀kùn yàrá ọmọ rẹ̀. Kọ́tìnì tó wà níbẹ̀ kì í ṣe èyí tó mọ̀. Obìnrin kan tó pọn ọmọ ló ṣílẹ̀kùn, tó kúnlẹ̀ kí i. Orúkọ rẹ̀ ni Nọ́síràtù.

"Ẹ káàsán, sà. Ta lẹ ń wá?"

"Ọláìtán ni. Tíṣà. Àbí ó ti kó lọ sí yàrá mìíràn?"

Ojú obìnrin náà yí padà. Ó wẹ̀yìn, ó rẹ ohùn sílẹ̀.

"Áà, ẹ ò tíì gbọ́ ni, sà. Èmi ò mọ̀ ọ́n o, lẹ́yìn rẹ̀ ni mo dé ibí. Wọ́n ní ó ti kú. Inú ló run ún, wọ́n gbé e lọ sí ọsibítù, ilẹ̀ ò mọ́ bá a. Àwọn ará ilé ṣì ń sunkún rẹ̀ títí di òní. Wọ́n ní èèyàn dáadáa ni."

Elisha fọwọ́ ti ògiri.

"Èyí tó burú jù níbẹ̀," Nọ́síràtù ń bọ́rọ̀ lọ, "wọ́n ní ó ní bàbá kan ní Iléṣà tí ara rẹ̀ ò le. Wọn ò jẹ́ kó gbọ́. Ẹ jọ̀ọ́, sà, bí ẹ bá mọ bàbá náà, ẹ má sọ fún un o. Ẹ fi Ọlọ́run ṣe é."

"Mi ò ní í sọ fún un," Elisha wí.

Ó rọra jókòó sórí pèpéle iwájú ilé. Táyà mẹ́rin. Panẹbítà tó kọ owó. Irun Tèmi. Gbogbo àdúgbò ló mọ̀. Gbogbo wọn pátá ló mọ̀ tí wọ́n ń wò ó tó ń fi sáńpépà ha irin, tó ń kọrin. Bàbá Oníjàpá! Wọn ò lè dárúkọ òkú mọ́ ọn létí, ni wọ́n ṣe wá orúkọ mìíràn fún un, ó sì ń fa sòkòtò sókè, ó ń dáhùn. Kò rí omi kankan lójú ara rẹ̀.

Ó ṣe díẹ̀, tasín kan dúró gìrì lẹ́yìn ìjàpá. Amos, tí Ọmọ́yẹlé ti gun ọ̀kadà lọ pè lóko, bọ́ sílẹ̀, ẹrẹ̀ oko wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Nígbà tó rí bí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ṣe jókòó, ó mọ̀ pé àṣírí ti tú. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí ilẹ̀ẹ́lẹ̀.

"O jẹ́ kí n máa ha ìpẹtà rẹ̀," Elisha wí. "Amos, o gbé táyà fún mi, o ní mo máa nílò rẹ̀!"

"Ẹ dárí jì mí, Bọ̀ọ̀dá mi. Dókítà ní…"

"Níbo lẹ sin ín sí?"

"Ẹ má bi mí. A kì í fi sàréè ọmọ han bàbá rẹ̀, ẹ̀yin náà mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ dìde, ẹ jẹ́ á lọ sílé."

Elisha dìde lóòótọ́, ó gbá a lọ́rùn aṣọ mú, ó fà á sókè. Ó fẹ́ gbá a létí. Ìgbà tó dì í mú báyìí ló tó rí i pé aṣọ náà ti tóbi jù fún Amos, pé egungun èjìká àbúrò òun ló wà lọ́wọ́ òun. Amos ò bímọ. Òun ló kọ́ Ọláìtán ní kẹ̀kẹ́, òun ló máa ń gbé e kọ́rùn lọ wo bọ́ọ̀lù. Ọwọ́ Elisha dúró.

"Látìgbà tó ti kú, ibo lo ti ń sunkún?"

Amos wo ẹrẹ̀ ẹsẹ̀ rẹ̀.

"Oko," ó wí. "Ẹ̀rù ń bà mí kí ẹ má baà gbọ́."

"Ìwọ nìkan?"

"Èmi nìkan."

"Ó tó," Elisha wí. "Mo ti gbọ́ báyìí. Sunkún."

Amos lanu, ó figbe ta. Gbogbo Ìgbọ̀nà ló gbọ́. Nọ́síràtù sáré jáde tòun tọmọ lẹ́yìn, ó wo bàbá arúgbó tó wọ bùbá funfun, ó mọ ẹni tí òun bá sọ̀rọ̀, ó sì ká ọwọ́ lérí. Elisha fi apá rẹ̀ tó le àti èyí tí kò le gbá àbúrò rẹ̀ mọ́ra. Ó ń sọ fún un pé kó máa sunkún lọ, òun wà níbẹ̀.