Máṣìnì Tí Ọmọ Yóò Dàgbà Bá

Bàbá Ezekiel Ọdẹ́yẹmí ti Ìwárọ̀ Ọ̀kà ṣe iṣẹ́ wolé-wolé fún ìjọba títí ó fi fẹ̀yìn tì. Láyé ìgbà náà, kò sí ìkòkò omi kan láti Ọ̀kà dé Òkè-Àgbè tí bàbá kò yọjú wò bóyá tanwíjí wà nínú rẹ̀. Bí wọ́n bá ti rí kẹ̀kẹ́ rẹ̀ lọ́ọ̀ọ́kán, àwọn obìnrin á pariwo pé, "Wolé-wolé ń bọ̀!" oníkálukú á sì gbé ìkòkò rẹ̀ sá wọlé. Ìjọba ti gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ báyìí, ṣùgbọ́n wọn kò gba ojú. Bí ẹ bá gbé oúnjẹ fún un lónìí, á kọ́kọ́ gbé àwo sókè wo ìdí rẹ̀.

Ẹni tójú rẹ̀ mú tó báyìí, àìsàn kan ṣoṣo ló ń ṣe é: kò lè ra ohun tó bá ènìyàn mu. "Ọmọ yóò dàgbà bá a," orin rẹ̀ nìyẹn. Ṣúẹ́tà tó rà fún Grace, ọmọ rẹ̀ obìnrin, ní kíláàsì kẹta, Grace wọ̀ ọ́ dé ilé-ìwé nọ́ọ̀sì. Nígbà tí Grace wá ń ṣiṣẹ́ alẹ́ ní ọsibítù ní Àkúrẹ́, tí Abíọ́dún ọkọ rẹ̀ sì wà ní Kánádà, ó gbé Ìbíyínká ọmọ wọn wá fún bàbá ní Ọ̀kà kó bá òun tọ́ ọ. Ìyàwó bàbá ti di olóògbé, nítorí náà àwọn méjèèjì péré ló wà nínú ilé. Bàtà ilé-ìwé Ìbíyínká fẹ̀ bí ọkọ̀ ojú omi. Bàbá ki fóòmù sí i níwájú, ó ki àkísà sí i lẹ́yìn, ọmọ á sì máa rìn bọ̀ láti ilé-ìwé, pà-pà-pà-pà, gbogbo àdúgbò á gbọ́ ọ kí wọ́n tó rí i. Bàbá fẹ́ràn ìró yẹn ju agogo ṣọ́ọ̀ṣì lọ.

Nígbà tó ku díẹ̀ kí Ìbíyínká pé ọmọ ọdún mẹ́wàá, Abíọ́dún pe bàbá láti Kánádà.

"Bàbá, ẹ bá mi ra máṣìnì onítáyà mẹ́rin kékeré fún Ìbíyínká, irú èyí tí àwọn ọmọdé ń gùn lóko níbí. Ọ̀nà oko yín ni kó máa gùn ún o, kó má dé títì. Ẹ ṣáà wo èyí tí kò léwu."

Inú bàbá dùn. Ta ni wọ́n tún lè bẹ̀ kó wo ewu, bí kì í bá ṣe wolé-wolé? Kò tíì gbé fóònù sílẹ̀ tí ti Grace wọlé.

"Bàbá, mo ti gbọ́ ohun tí ẹ̀yin àti Abíọ́dún ń gbìmọ̀. Eegun ni mò ń bá àwọn ènìyàn tò lójoojúmọ́ níbí, máṣìnì ló sì ń ṣẹ́ púpọ̀ nínú rẹ̀. Mò ń bọ̀ ní Sátidé. Bí mo bá rí i pé nǹkan náà léwu báyìí, ẹrù Ìbíyínká ni n ó dì, ọmọ mi á sì bá mi lọ sí Àkúrẹ́. Mo ti sọ tèmi."

"Kò burú," ni bàbá wí. Irọ́ ni, ó burú. Ó jókòó sórí àga, ó ń ro ilé náà láìsí pà-pà-pà, ẹ̀rù sì bà á gidi.

Ní Jímọ̀, òun àti Ìbíyínká wọkọ̀ lọ sí Ìkàrẹ́, sí ṣọ́ọ̀bù Kareem tó ń ta máṣìnì tòkunbọ̀ ní àdúgbò Jùbílì. Bí bàbá ti wọlé ló bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ó ṣí táǹkì epo, ó yọjú wò ó. Ó fi ìka kan táyà.

"Kí ló wà nínú èyí?"

"Afẹ́fẹ́ ni, bàbá."

"Kò sí omi ńbẹ̀?"

"Báwo lomi ṣe máa dénú táyà, bàbá?"

"Béèrè lọ́wọ́ ẹ̀fọn," ni bàbá fèsì, ó sì tẹ̀ síwájú.

Kareem fa máṣìnì kékeré kan jáde, aláwọ̀ ìyeyè, ó gbé Ìbíyínká lé e. Ó ní kí bàbá wò ó: ẹsẹ̀ ọmọ balẹ̀ dáadáa, ìka rẹ̀ sì kan bíréèkì. Ó fi ìdè kékeré kan hàn án, tí àgbà lè fún mọ́lẹ̀ kí máṣìnì má lè sáré. Lẹ́yìn náà ló wá fa okùn kan jáde lẹ́yìn máṣìnì náà. "Ẹ̀yin ẹ óò máa tẹ̀ lé e, ẹ óò di èyí mú. Ẹ ṣáà ti fà á, ẹ́ńjìnnì kú nìyẹn, ìbáà máa sáré bí ẹtu."

"Bàbá àgbà!" Ìbíyínká kígbe, ayọ̀ kún ojú rẹ̀. "Ó bá mi mu!"

Ọ̀rọ̀ yẹn ló ba gbogbo rẹ̀ jẹ́. Ojú bàbá fà ro.

"Ó bá ọ mu? Lónìí tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rà á? Ìgbà wo lo wá fẹ́ dàgbà bá a?"

Ó nàka sí aláwọ̀ ewé kan tó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù, tó ga tó ọmọ màlúù. Kareem ní, "Áà, bàbá! Géńdé ló ń gun ìyẹn o. Ọdẹ kan ní Àjọwá ló ní kí n bá òun wá a." Bàbá kò gbọ́. Ó gbé ọmọ lé e. Ẹsẹ̀ Ìbíyínká ń jù fìrìfìrì lófuurufú.

"Bàbá àgbà, ẹsẹ̀ mi kò kan nǹkan kan."

"Ó ń bọ̀ wá kàn án. Ẹsẹ̀ kì í dúró sójú kan."

Kareem bẹ̀ ẹ́ títí pé kékeré ni kó rà. Ìyẹn gan-an ló jẹ́ kí bàbá fura. Ó fa ọmọ-ọmọ rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Látìgbà tí wọ́n ti bí mi, n kò tíì rí ọlọ́jà tó ń bẹ oníbàárà pé kó má ra èyí tó wọ́n. Nǹkan kan ń ṣe kékeré yẹn." Bó ṣe ra ńlá nìyẹn. Ó tún ra àṣíborí pupa tó tóbi jù nínú ṣọ́ọ̀bù. Nígbà tí Kareem ní ó ti tóbi jù, bàbá ní àṣíborí ìgbàlà kì í há orí.

Ìbíyínká kò jiyàn. Ó kàn bẹ Kareem pé, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ bá mi so irú okùn yẹn mọ́ èyí náà." Kareem so ó, ó mi orí, ó sì ní bí wọ́n bá yí ọkàn padà kí wọ́n gbé e padà wá kíákíá, kó tó fọ́.

Láàárọ̀ Sátidé, bàbá bẹ̀rẹ̀ sí í bá máṣìnì ṣe bó ti ń bá bàtà ṣe. Ó di ìrọ̀rí mọ́ ẹ̀yìn ìjókòó kí ọmọ lè sún síwájú. Ó fi rọ́bà de ègé igi méjì mọ́ ibi tí ẹsẹ̀ ń gbé. Nígbà tó ṣe tán, máṣìnì dà bí ẹrù ìyàwó.

"Bàbá àgbà, ẹ̀rù ń bà mí," ni Ìbíyínká wí.

Bàbá dúró. Ọmọ yìí kì í sọ bẹ́ẹ̀. Ó wá rántí òfin ilé wọn. Nílé Ọdẹ́yẹmí, ohun tí ọmọ kò tíì fẹnu kàn rí, àgbà ló ń kọ́kọ́ tọ́ ọ wò, ìbáà ṣe oògùn ikọ́, ìbáà ṣe ẹran ìgbẹ́. "Má bẹ̀rù," ló wí. "Èmi ni n ó kọ́kọ́ tọ́ ọ wò." Ó de àṣíborí. Àṣíborí náà gbé orí rẹ̀ mì. Ó ki àkísà sí i, ó gun máṣìnì. Ìbíyínká ti so okùn ewúrẹ́ mọ́ okùn Kareem kó lè gùn, ó wé e mọ́ ọwọ́, ó dúró lẹ́yìn.

Ẹ̀yin náà mọ Ọ̀kà. Kò sí ibi tó tẹ́jú níbẹ̀ bí kò ṣe orí àpáta. Ilé bàbá wà lókè, ọ̀nà ṣe gẹ̀rẹ́ láti ẹnu ọ̀nà rẹ̀ lọ sí àpáta fífẹ̀ kan nísàlẹ̀, níbi tí Ìyá Tàwàkálítù, aládùúgbò bàbá, sá láfún sí láàárọ̀ ọjọ́ náà. Lẹ́yìn àpáta, ọ̀gbun ni.

Máṣìnì gbéra jẹ́jẹ́. "Ṣé o rí i?" ni bàbá ń wí. "Ó tutù bí àdàbà." Ibẹ̀ ni táyà ti ko òkúta. Àkísà bọ́, àṣíborí yí po, ẹ̀yìn rẹ̀ wá síwájú, ayé ṣú.

"Ta ló paná?" ni bàbá kígbe.

Ẹ̀rù mú un, ó di ọwọ́ máṣìnì mú pinpin. Ọwọ́ tó dì mú yẹn gan-an ni iná máṣìnì, èyí tó ń mú un sáré, wà. Bó bá ti ń bẹ̀rù tó ló ń dì í mú tó, bó sì ti ń dì í mú tó ni máṣìnì ń sáré tó. Ìrọ̀rí fò lọ sápá òsì, igi méjèèjì fò lọ sápá ọ̀tún. Ìyá Tàwàkálítù gbójú sókè nísàlẹ̀, ó rí i, igbe tí kò ti ẹnu rẹ̀ jáde láti ọdún gbọọrọ sì jáde.

"Wolé-wolé ń bọ̀!"

Ó gbé agbada tó fi kó láfún wá, ó sá. Bàbá wọ àárín láfún bí ìjì. Gbogbo ibẹ̀ funfun. Ìbíyínká ń sáré bọ̀ lẹ́yìn, bàtà ńlá kan bọ́, èkejì bọ́, ó ń fẹsẹ̀ lásán sáré lórí àpáta, okùn ń tú lọ lọ́wọ́ rẹ̀ títí ó fi kù sí ìdí. Ó fi gìgísẹ̀ tẹlẹ̀, ó fà á pẹ̀lú gbogbo agbára ọmọ ọdún mẹ́sàn-án. Tọ̀ọ̀! Ẹ́ńjìnnì kú. Máṣìnì rọra yí títí dé etí ọ̀gbun, ó dúró.

"Bàbá?"

Ohùn yẹn kì í ṣe ti ọmọdé. Grace ló dúró létí àpáta, báàgì Àkúrẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Gbogbo rẹ̀ ló ṣojú rẹ̀.

Bàbá sọ̀ kalẹ̀, ó jókòó sínú láfún, Grace sì ṣí àṣíborí kúrò lórí rẹ̀. Ó kọ́kọ́ yẹ orúnkún rẹ̀ wò, ó yẹ ọrùn, ó ní, "Ẹ mi ìka yín." Bàbá mì í. Kò sí ibi tó ṣẹ́. Grace mí kanlẹ̀.

"Ìbíyínká, lọ di ẹrù rẹ."

Bàbá kò jà. Omi ń ti ojú rẹ̀ la ọ̀nà kọjá nínú láfún. "Ahun ni ẹ máa ń pè mí, pé mò ń ra ńlá. Kì í ṣe ahun, Grace. Ohun tó bá ọmọ mu lónìí, lọ́la á kéré. Tó bá ti kéré, ọmọ ti fẹ́ lọ nìyẹn. Ọdún tí ṣúẹ́tà yẹn bá ọ mu pẹ́ẹ́ lo wọkọ̀ Àkúrẹ́. Mo ní kí n ra èyí tí yóò pẹ́ kó tó bá a mu, kó lè pẹ́ lọ́dọ̀ mi."

Grace fi ọwọ́ nu láfún kúrò lójú bàbá. Ìbíyínká ṣì dúró síbẹ̀, ẹsẹ̀ lásán, okùn ewúrẹ́ lọ́wọ́.

"Mọ́mì," ló wí, "bí mo bá bá yín lọ, ta ló máa bá wa di okùn bàbá àgbà mú?"

Ìyá Tàwàkálítù ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín lẹ́yìn igi tó sá sí. "Grace, mo bẹ̀ ọ́ lórúkọ Ọlọ́run, má mú ọmọ yẹn lọ! Ṣé o fẹ́ kí wolé-wolé pa gbogbo wa tán ni?" Grace gbìyànjú láti le ojú, ojú kò le. Ó jókòó sínú láfún lẹ́gbẹ̀ẹ́ bàbá rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi ń sunkún.

Ọ̀sán ọjọ́ náà ni wọ́n dá ńlá padà fún Kareem. Grace fúnra rẹ̀ ló gbé ọmọ lé aláwọ̀ ìyeyè, ó wo ẹsẹ̀, ó wo ọwọ́, ó fún ìdè mọ́lẹ̀, ó mú àṣíborí tí kò yí nígbà tí Ìbíyínká gbọn orí. Bàbá la ẹnu pé, "Ọmọ yóò dàg..." Grace bojú wò ó, bàbá sì pa ẹnu dé. Wọ́n gba Ọjà Ọba kọjá, bàbá ra bàtà tó bá ẹsẹ̀ ọmọ mu, ìgbà àkọ́kọ́ láyé rẹ̀ nìyẹn. Ó kọ́kọ́ gbé e sókè wo ìdí rẹ̀ kó tó sanwó.

"Bàbá àgbà," ni Ìbíyínká wí, "bí gbogbo èyí bá ti kéré fún mi, èmi àti ẹ̀yin la máa jọ wá ra èyí tó tóbi. Ẹ má dá wá rà á o."

"N kò jẹ́ dá wá," ni bàbá wí.

Àwọn ará àdúgbò kì í gbọ́ pà-pà-pà mọ́. Bàbá Ọdẹ́yẹmí ni wọ́n fi ń mọ̀ pé ilé-ìwé fẹ́ jáde, nítorí á ti dúró sẹ́nu ọ̀nà oko pẹ̀lú okùn lọ́wọ́. Àṣíborí pupa náà wà lẹ́yìn ilé, adìyẹ kékeré kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yé ẹyin ti sọ ọ́ di ìtẹ́. Ó tóbi fún òun náà díẹ̀, ṣùgbọ́n bàbá ní kò séwu, yóò dàgbà bá a.